Kọ̀ǹpútà Kẹwàá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Fẹ́búárì 2024
Alhamdulillah, ilé ìwé kẹta tí a ràn lọ́wọ́ nìyí. Nínú àwọn mọ́kànlá tó ní àwọn yọ̀ǹda ara wọn, Sọ̀fíyàt àti Ismaeel nìkan ni mo rí – ẹlẹ́nu dídùn ni ìyókù. A fi Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sínú kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí àwọn ọmọ máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́sàn-án ni lẹ́tà ilé ìwé náà pè é. Mi ò bèèrè. Kẹwàá, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ pé kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ (Oyèlẹ́yẹ, ọ̀gá ilé ìwé náà, ohùn rẹ̀ kì í ròkè) dúpẹ́ títí.

Ọjọ́ Ajé, 5 Fẹ́búárì
Mo gbé! Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kẹwàá. Wọ́n gbé e kún un kó lè pé mẹ́wàá, kí ojú má baà tì wọ́n níwájú àlejò. Máàkì àwọn ọmọ SS3, ọdún mẹ́ta gbáko, inú rẹ̀ ló wà. Màmá Nimotallahi, taípíìsì wọn, ló pè mí, wọ́n ń sunkún. Mo ní bóyá iná ló bà á jẹ́.
Bóyá iná. Èmi, olùkọ́ yunifásítì.

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì
Ismaeel wá àwọn máàkì náà nínú kọ̀ǹpútà títí. Òfo.

Ọjọ́bọ, 8 Fẹ́búárì
Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti fún Màmá ní kúẹ́rì – pé wọ́n gbé kọ̀ǹpútà jáde láìgbàṣẹ. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá lé wọn, gírátúítì ti wọgbó. Sọ̀fíyàt ní kí n dákẹ́, pé bí gbogbo ìlú Ìwó bá gbọ́, ilé ìwé kankan ò ní gbà wá mọ́. Òótọ́ ni, ìyẹn ló ń já mi láyà jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Fẹ́búárì
Màmá pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Fẹ́búárì
Ọ̀la ni màá jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Màá jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 12 Fẹ́búárì
Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, mo jẹ́wọ́, títí kan irọ́ iná. Wọn ò bínú. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Pé àwọn gan-an ló ní kí Màmá gbé e kún un.
"Madam, ta ló bi yín léèrè? Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."
Àwọn ni alága àwọn ọ̀gá ilé ìwé lágbègbè wa. Wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà tó máa gbé wa dé àwọn ilé ìwé Olúpọ̀nnà àti Kuta, wọ́n rọra tì í sọ́dọ̀ mi. Mo gbà á.
Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Wọ́n rí mi tí mò ń gbọn eruku orúnkún mi, omi lé ròrò sójú wọn.
"Ọmọ mi, o bá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ẹ́."
Lẹ́tà wà nínú báàgì mi. Mo ṣe àmín.