Èmi Ni Ọkọ Tí Ìyàwó Wa Ń Wí

Ẹ̀yin ará orí pèéjì yìí, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, kí ẹ sì bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di Monday. Èmi ni mo fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì tì mọ́lé nítorí ẹ̀, ọjọ́ kọkànlá rèé. Èmi àti ìyàwó yẹn nìkan la mọ ẹni tó ṣe é. Ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ níwájú ọlọ́pàá, ó sọ ọ́ kedere, èmi ni mo fi ẹnu ara mi yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà... Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé èébú ń bọ̀, ó sàn kí ẹ gbọ́ tán kí ẹ tó bú mi.

Accra ni wọ́n bí mi sí, Kokomlemle la ti dàgbà, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ìyá mi ṣì ń ta ọṣẹ lọ́jà títí dòní. Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé èmi ni mò ń darí ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní yunifásítì kan níbí, ohun tí wọ́n ń pè ní staff wellness. Ní gbogbo Wednesday, mo máa ń tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi, màá máa wọn BP fún wọn, lecturer o, dírẹ́bà o, agbálẹ̀ o, ìlà kan náà ni gbogbo wọn ń tò. Ní Friday, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, a ó rìn yí ọgbà ká, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn àwọn tó ń gé koríko. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, màá kó wọn jọ, màá kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń kápá ìbínú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ní sùúrù. Ẹ̀kọ́ ìbínú yẹn gan-an ni wọ́n fi mọ̀ mí. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí inú bá ń bí ọ, ka oókan dé ẹẹ́wàá kí o tó gbé ọwọ́, kí o sì kà á ní èdè tí ìyá ẹ ń sọ. Àwọn Ga á kà á ní Ga, àwọn Ewe á kà á ní Ewe, èmi á dúró níwájú, màá máa ka Yorùbá, wọn á máa fi obìnrin Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ṣe yẹ̀yẹ́. Dírẹ́bà kan wá sọ fún mi nígbà kan pé kíkà yẹn ló gba eyín iwájú ìyàwó òun là. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́ mi, ọ̀gá mi kà á sókè ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bọ̀ọ̀dá mi ń ta irin ní Agbogbloshie. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló di bàbá mi, òun ló rán mi nílé ìwé, òun náà ló ń nà mí. Wáyà ló fi ń nà mí. Á ká a sí méjì, á mú ìdí ẹ̀ dání, ibi tó ká yẹn ló máa ń bọ́ sí èèyàn lára, á sì fi ojú ọgbẹ́ bí ihò ìdí abẹ́rẹ́ ńlá sílẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ẹnì kan sọ fún un pé òun rí mi pẹ̀lú ọmọkùnrin kan ní James Town. Ó nà mí títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ó wá da omi oníyọ̀ sí i. Ìyá mi ní ó ń tún ayé mi ṣe ni. Mo sì di nọ́ọ̀sì... kí ni mo wá fẹ́ sọ? Ẹni tó bá rí mi á ní ayé mi tún ṣe lóòótọ́.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n mú ìyàwó wá fún un láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sikira, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Kò gbọ́ òyìnbó, Twi tí wọ́n fi ń ra tòmátì nìkan ló gbọ́. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ agbálẹ̀ sí yunifásítì wa. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé, ì báà jẹ́ obìnrin, ọkọ ẹ̀ ni. Bí inú ẹ̀ bá dùn, á pè mí ní Eyínfúnjowó. Ọjọ́ gbogbo, ọkọ mi ni. Níwájú àwọn ọ̀gá mi lábẹ́ igi ló máa ń kúnlẹ̀, ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n bi mí pé kí ló ń wí, mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn pé Madam Wellness ti fẹ́ ìyàwó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ ò lè wọn BP láìká apá aṣọ sókè. Sikira kì í ká a sókè. Oṣù mẹ́ta ló fi ń sá fún mi, lónìí òtútù ń mú un, lọ́la ó ní òun ń kánjú. Ní Wednesday kan mo fi eré mú un lọ́wọ́, mo ká aṣọ náà... Ẹ̀yin èèyàn. Wáyà. Ojú wáyà lórí ojú wáyà, èyí tó ti jinná, èyí tó ń ṣe ọyún, ojú eyín sì wà létí èjìká, ẹni tó gé e jẹ fẹ́ gé e já ni. Ojú wáyà yẹn, ibi tó ká, mo mọ̀ ọ́n, irú ẹ̀ wà lẹ́yìn mi títí dòní. Síbẹ̀ mo bi í pé ta ló ṣe é. Ó ní, “Ọkọ mi ni.” Àbí kí ni kí n ti sọ? Ẹnu mi kàn sáré lọ sínú eré, mo ní èwo nínú wa. Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bọ́ mọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́nu ẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà níwájú mi. Àyè kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ń lù nílé, bí mo bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ nìyẹn, àwọn tó ń rí sí i á gbé e lọ, confidential. Mo kọ ọ́ pé ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá wa, ìyá wa ní ṣebí wọ́n na èmi náà, ṣé mo kú? Mo bá ti fọ́ọ̀mù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Sunday tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán ni, ìyá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti lọ sí àdúrà àwọn obìnrin. Mo gbé iṣu lọ fún wọn. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ wáyà. Mi ò gbọ́ ohùn Sikira, wáyà nìkan... Mo wọ ẹ̀yìn ilé. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, orúnkún bọ̀ọ̀dá mi wà lọ́rùn ẹ̀, ó ti fi gèlè ẹ̀ dí i lẹ́nu kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́. Mo pe bọ̀ọ̀dá, mo tún pè é. Kò wẹ̀yìn. Ọmọ odó wà níbẹ̀, èyí gígùn tí wọ́n fi ń gún fùfú. Mo gbé e. Ẹ gbọ́ o, ohun tí mò ń kọ́ àwọn èèyàn náà ni mo ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oókan, mo là á mọ́ ọn ní ìpàkọ́, ó ṣubú kúrò lórí ẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, mi ò ní máa kọ̀wé sí yín. Eéjì, ó bà á ní èjìká, mo gbọ́ tí eegun dún. Ẹẹ́ta. Ní ẹẹ́ta yẹn, mi ò lù ú nítorí Sikira mọ́, irọ́ ni màá pa bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n da omi oníyọ̀ sí lẹ́yìn ni mò ń jà fún. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde létí ẹ̀. Mo rí i. Mo ka ẹẹ́rin, ìyẹn bà á ní àgbọ̀n. Sikira ló rápálá wá, gèlè ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó di ọmọ odó mú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí kò bá dì í mú, ǹ bá kà á dé ẹẹ́wàá. Inú mi sì dùn nígbà tí mò ń lù ú. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi ọmọ odó sílẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀ ti bọ̀ọ̀dá mi, mo di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, mò ń wò ó bóyá iṣan ẹ̀ ṣì ń lù. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé bá wa. Sikira pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, èmi lórí ìkúnlẹ̀, mò ń tọ́jú aláìsàn. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé nọ́ọ̀sì tètè dé. Mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀, àwọn ló pe ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní ta ló gbọ́ Alata níbí, wọ́n nàka sí mi. Ó ní kí n bi í pé ta ló lu ọkùnrin yìí. Mo bi í. Sikira gbé ojú tó ti wú sókè, ó wò mí, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń kí mi ní gbogbo àárọ̀.

“Ọkọ mi ló ṣe é.”

Kò bú mi. Kò fi mí sùn pàápàá, ìbéèrè ni wọ́n bi í, ó sì pè mí ní orúkọ tó ń pè mí. Mo yíjú sí sájẹ́ǹtì, mo sọ ọ́ ní òyìnbó pé ó ní ọkọ òun ló fà á. Ó ṣe é, ó fà á... ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yí. Sájẹ́ǹtì ní áà, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó kọ ọ́ sínú statement, Sikira tẹ̀ ẹ́ ní àtàǹpàkò, kò mọ ohun tó tẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ò kú. Dókítà fi wáyà di àgbọ̀n ẹ̀, apá òsì ò gbé sókè. Kò rí ẹni tó lù ú. Ó ń kọ ọ́ sí bébà pé kí Sikira jẹrà síbẹ̀, ìyá wa á sì máa ṣàdúrà fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ọmọ òun là. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn. Ní Wednesday tó kọjá mo wọn BP àwọn èèyàn, mò ń kọ ti ẹnì kan sórí fọ́ọ̀mù ẹlòmíì, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ọ̀gá mi tiẹ̀ ní kí n wá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìjà inú ilé, pé ó ti dé ilé tèmi náà. Èmi?

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Sikira ní àhámọ́. Mo rò pé á tutọ́ sí mi lójú. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ọkọ mi, ẹ ṣé. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé Ghana, kò sẹ́ni tó jà fún òun rí. Ó ní ilẹ̀ lásán ni òun ń sùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń na òun. Ó bi mí bóyá ọmọ ń jẹun. Kò bẹ̀ mí pé kí n lọ sọ òtítọ́, kò tiẹ̀ mẹ́nu bà á, bóyá ó rò pé mo ti sọ ọ́, bóyá ó rò pé ohun tí òun sọ gan-an ni mo sọ fún wọn... Mi ò ní ìgboyà láti bi í. Ojú wáyà apá ẹ̀ ti ń jinná.

Wọ́n ti gbé e dé kóòtù lẹ́ẹ̀kan, adájọ́ ní òun ò lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n wá ògbufọ̀. Wọn ò rí. Sájẹ́ǹtì pè mí lánàá, ó ní ṣebí mo ṣe é dáadáa ní ọjọ́sí, kí n wá bá wọn ṣe é ní Monday. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lọ, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè mí, ìyá mi á gégùn-ún fún mi, fọ́ọ̀mù tí mo fi irọ́ kọ á sì jáde. Bí mi ò bá sọ ọ́, Sikira á ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀, ọmọ ẹ̀ á máa dàgbà lọ́wọ́ mi, bọ̀ọ̀dá mi á sì tún fẹ́ ìyàwó. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má sọ pé kí n kà á dé ẹẹ́wàá. Adájọ́ máa bi í pé ta ló ṣe é, Sikira máa wojú mi, á ní ọkọ òun ni, gbogbo kóòtù á sì yíjú sí mi, wọn á máa retí ohun tó máa jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ará mi, kí ni kí n sọ fún wọn?