Ọkọ mi sọ fún àwọn òyìnbó bọ́ọ̀lù pé mo ti kú

Mi ò tíì kú o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ síta. Olódò n'Íbàdàn ni mò ń gbé, olùkọ́ Biology ni mí, mo bímọ méjì, mo se ìrẹsì lánàá, òógùn sì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí... ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú ni mí. Wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ mi. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkọ mi ló pa mí, ẹnu ló fi pa mí, torí bọ́ọ̀lù ló sì ṣe pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù yìí, ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé.

Ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń wò ni. Ìyẹn ì bá sàn. Bí gbogbo ọkùnrin àdúgbò bá wọ viewing centre lọ wo àwọn ẹgbẹ́ ńlá, tèmi á jókòó sílé, á ki earpiece bọ etí, á máa gbọ́ non-league. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ìsàlẹ̀ pátápátá ni, níbi tó jẹ́ pé gólíkípà wọn ń ṣe pọ́lọ́mbà láàárín ọ̀sẹ̀, tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn ń wa bọ́ọ̀sì. Èrò tó ń wò wọ́n ò tó èrò assembly ilé ìwé wa. Kò sí tẹlifíṣàn tó ń gbé e, bàbá kan ló máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí á máa ṣe commentary lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi kàwé ní ìlú wọn fún ọdún kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí òtútù fẹ́ pa òun, òun yà sí pápá wọn, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta tíì níbẹ̀ sì fún òun ní tíì gbígbóná, ó fi scarf ẹgbẹ́ wé òun lọ́rùn. Ó parí! Tíì kan ṣoṣo ló fi di ẹrú wọn. Èmi tí mò ń po tíì fún un láràárọ̀, ṣé ó ti torí tèmi jókòó jẹ́ẹ́ rí?

Mo fara dà á. Gbogbo Sátidé, á sáré kírun Àsárì bí ẹni tí ajá ń lé, lẹ́yìn náà kí ọmọ má sunkún, kí n má lọ ata. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ nílé àbúrò mi, inú mọ́tò ló wà tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn ààfáà ń wá ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá ìkókó. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ náà tún já sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ìyá rẹ̀ pè láti Ìrókò, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí phone, wọ́n ní ta ló kú. Ta ló kú! Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Oṣù tó kọjá, iná lọ nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, earpiece já kúrò lára phone, ohùn bàbá òyìnbó yẹn sì gba gbogbo pálọ̀ kan. Mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n pè é bí ẹnu òyìnbó ṣe lè pè é, ṣùgbọ́n wọ́n dá orúkọ ọkọ mi mọ́ ọn, wọ́n ní Ibadan. Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín! Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo ní háà, ọkùnrin yìí náà máa ń dárúkọ mi níta... àfi bí mo ṣe gbọ́ “late wife.” Àṣà wọn ni, mo ti wá mọ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ mọ gbogbo èèyàn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni wọn bá kú, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gé koríko pápá, gbogbo wọn á dìde kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un fún ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe fún mi. Ó ń dún bí òjò lórí páànù. Bàbá yẹn wá ka ohun tí ọkọ mi kọ nípa mi. Ó ní kò sí ẹni tó lè tẹ ẹ̀bà bíi tèmi. Ẹ̀bà! Ẹni tó bi mí ní Tuesday ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an pé ṣé bíríkìlà ló kọ́ mi ní ẹ̀bà, tó ní kókó inú ẹ̀ tó mọlé! Ó ní bí iná bá lọ, ẹ̀rín mi ló máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sílé. Iná ti lọ, mo wà nílé, kò bi mí bóyá mo lè rẹ́rìn-ín, jẹnẹrétọ̀ ló lọ ń fà. Mo bú sẹ́kún. Èmi ni mò ń sunkún ikú ara mi. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́, ó wọlé, ó ní, “Ìyá Mọ́rúfù, ta ló fọwọ́ kan phone mi?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Ẹ̀wà yẹn ò ní tètè jinná o.” Ó sì ki earpiece bọ etí.

Mo wá ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kà á tán. Ọkọ mi ti ṣèlérí pé òun á máa kọ̀wé láti Ìbàdàn sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ eré. Ó gbàgbé. Wọ́n bi í. Ó lè ní data òun tán. Ó lè ní ibà ń ṣe òun. Ibà, ní Nàìjíríà, ta ni ò ní gbà á gbọ́? Kò rí àwáwí kankan àfi ẹ̀mí mi! Ó ní orí ìkúnlẹ̀ ni mo kú sí... orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, níbi tó jẹ́ pé nígbà tí mo ń rọbí ọmọ wa kejì, ó wà ní kọ́rídọ̀ tó ń gbọ́ eré. Ó ní òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń di irun ọmọ. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí a ń kó ìpara sí! Ìyá tó ń ta tíì yẹn ń sunkún ránṣẹ́ sí i, wọ́n ń gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n kan bẹ́ǹṣì kan sẹ́yìn gólì, wọ́n fín orúkọ mi sí i lára. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà nínú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín wá dá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, “A kì í fi ikú ṣe àwáwí, àbúrò mi. Yára lọ ṣe sàráà, kí o sì kọ̀ ọ́ síta, ẹnu la fi ń kọ mé jẹ.” Mo dín mọ́sà, mo pín in fún àwọn ọmọ kéwú. Ọkọ mi jẹ nínú ẹ̀, ó lá ọwọ́, ó ní kí là ń yọ̀ sí.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa gbá eré ìkẹyìn nílé wọn. Mo rí i lójú ewé wọn pé ní half-time, wọ́n fẹ́ pe ọkọ mi lórí phone, wọ́n á so ó mọ́ lóùdsípíkà pápá, kó lè sọ̀rọ̀ nípa mi níbi bẹ́ǹṣì yẹn. Kò mọ̀ pé mo mọ̀. Lánàá ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ìyá òun ń ṣàárò àwọn ọmọ, kí n kó wọn lọ sí Ìrókò ní Sátidé, òun ní iṣẹ́ ọ́fíìsì tí òun fẹ́ ṣe nílé, òun fẹ́ kí ilé pa lọ́lọ́. Ẹ gbọ́ o. Òkú ló ń lé jáde nílé kó lè ráyè sunkún ẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má lọ, kí n dúró tì í, kí n já phone gbà. Ọwọ́ mi ń yún mi láti ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá tíì yẹn ńkọ́? Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò ṣẹ̀ mí, kí ni ojú wọn máa rí láàárín èrò? Ọkọ mi náà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní “our brother.” Ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọn kì í dá a lóhùn bó bá kí wọn. Èyí tó sì ń bí mi nínú jù, tójú ń tì mí láti sọ... mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó kọ yẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Bí mo bá jí dìde, ṣé ó tún máa sọ ọ́ mọ́? Bí mo bá sì lọ sí Ìrókò lọ jókòó jẹ iṣu ìyá rẹ̀, ṣé mo ti gbà pé mo kú nìyẹn? Ta ni mo fẹ́ jẹ́ fún un lẹ́yìn ìyẹn?

Àpò àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tíì kó aṣọ sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ fún mi ní Sátidé, ṣé kí n wà ní Ìrókò kí wọ́n pa àtẹ́wọ́ náà tán... àbí kí n gba phone lọ́wọ́ ọkọ mi, kí n ní ẹ ṣeun o, mò ń gbọ́ yín?