Ìjàpá Tàbí Ọmọńlé

Màámi, ẹ kú ilé. Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: téèpù, àpótí gíláàsì kékeré kan, àti Madame tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Bonapriso, tí wọ́n ń wọn yàrá mi. Wọ́n fẹ́ ra ohun ọ̀sìn fún ọmọ wọn. Wọ́n ní ọmọńlé lè gbé inú àpótí, ṣùgbọ́n ìjàpá ńlá ò lè gbé ibi tó kéré sí yàrá mi.

"Labeebah, èwo ni ká rà?"

Kò yé mi bóyá ìmọ̀ràn ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní, "Ọmọńlé, Madame."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń rìn lára ògiri lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ìjàpá ti dé. Ó rẹwà. Ilẹ̀ ilé ìdáná tí mò ń sùn sí báyìí tutù dáadáa, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ bá mi kí Hàlímàt àbúrò mi. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje ni mo tó dùbúlẹ̀.