Orin Tí Kúnlé Kọ Nípa Yín

Bàbá mi àtàtà,

Àwo orin ìkẹyìn ẹgbẹ́ wa ti jáde. Mo ń pè é ní ẹgbẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ mo ti gbé gìtá mi sílẹ̀ látìgbà tí àìsàn ti dá yín gúnlẹ̀. Kúnlé àbúrò mi àtàwọn méjì yòókù ló ṣe é, àwọn náà sì ti túká báyìí. Ṣé ẹ rántí orin pọ́ǹkì, orin gìtá kíkankíkan tàwọn òyìnbó, tá a máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Dópẹ̀mú lọ́jọ́ Sunday? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òòlù lu páànù mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́, tiwa lẹ wá ń pè ní ariwo. Síbẹ̀ ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó máa rẹ búrẹ́dì sínú tíì, ẹ ò ní lọ títí a ó fi parí.

Àwọn àwo tá a ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n sí. Eléyìí, rédíò ń gbé e, àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá ti mọ̀ ọ́n sórí. Orin kan ló fà á, èyí tí Kúnlé kọ nípa yín. Ó ń kígbe nínú rẹ̀ pé òun ò mọ̀ bóyá ẹ dárí ji òun, torí pé òun ò wá wò yín títí ẹ fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fáwọn èèyàn gbọ́ ní Ìkòtún, àwọn tí ò mọ̀ yín rí ń sunkún. Obìnrin kan dì mọ́ Kúnlé, ó ní, "O fẹ́ràn bàbá ẹ o. Kò sírú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Ta ló ń wẹ̀ yín? Ta ló ń fi ṣíbí fún yín lẹ́kọ mu? Àbí torí pé ó lóhùn, òun nìkan ló ní bàbá?

Ọ̀rọ̀ tiyín náà sì dùn mí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yín, ọwọ́ yín wà lọ́wọ́ mi, Kúnlé lẹ ń pè. Ẹ ní kí n sọ fún un pé kò sí ìjà, kó máa jẹun dáadáa. Ẹ ò dárúkọ mi. Mi ò sì jíṣẹ́ náà.

Lánàá ó wá sílé mi ní Ìgàndó. Ó ní èmi lòun fẹ́ kó ta gìtá orin yẹn, ẹ̀rù ló ba òun láti bẹ̀ mí. Ìgbà náà ni mo tó jíṣẹ́ yín fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: mo dúró kí àwo náà kọ́kọ́ jáde ni, kó má baà rí ọ̀rọ̀ yín fi kọrin.

Ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bínú.