Galẹ́ẹ̀tì Tí Ẹ̀rọ Gba Ìyìn Rẹ̀

Chambrelle, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Solène ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí o ráyè ní Lyon níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó ń lọ sí kíláàsì fóònù ní gbọ̀ngàn ìlú ṣì máa fi bíírò kọ lẹ́tà. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà, èmi ni mo sì ń gba ipò ìkẹyìn. Olùkọ́ wa ní mò ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi fóònù rán, nítorí mi ò tíì mọ ẹni tó ń kà á lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ojú rere ọ̀gá rẹ má kúrò lára rẹ. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sàn, ó ti ń bá ajá du àga ìdí iná, nítorí náà mo mọ̀ pé ara ti ń yá. Àwọn adìẹ kò yé mọ́, wọ́n ní òtútù ni.

Ohun tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà nìyí. Lẹ́yìn ọdún tuntun, a lọ jẹun nílé Marcelline àbúrò bàbá rẹ, a sì gé galẹ́ẹ̀tì ọba, kéèkì pẹlẹbẹ oníbọ́tà tí a máa ń jẹ ní oṣù kìíní ọdún. Òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wa, nítorí náà, bí àṣà, òun ló wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, tó ń pe orúkọ ẹni tí ègé kọ̀ọ̀kan kàn. Àfi bí eyín mi ṣe kan ẹ̀wà amọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Mo di ọba, wọ́n fi adé bébà dé mi lórí. O mọ òfin rẹ̀, ẹni tó bá rí ẹ̀wà ni yóò gbé galẹ́ẹ̀tì wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Marcelline ní, ìyàwó wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má ṣe é fúnra rẹ, kéèkì tó o ṣe níjọ́sí, ajá gan-an gbé e lọ sin ni. Ó ní kí n wá ibi tó dáa rà á, kò sí ìtìjú nínú rírà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣe ni adé bébà yẹn wúwo lórí mi bí irin.

Níbo ni mo ti fẹ́ rà á? Bàbá Pouget aṣebúrẹ́dì wa ti ti ilé búrẹ́dì wọn pa látìgbà tí dókítà ti ní ọkàn wọn kò gba iṣẹ́ ìdí iná mọ́. Ẹ̀rọ kan tó ń ta búrẹ́dì ni wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì dípò wọn. Mo lọ bá a. Mo kí i káàárọ̀, nítorí a kì í dé ọ̀dọ̀ aṣebúrẹ́dì ká má kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo gbé ẹnu sún mọ́ ihò tí wọ́n ń kówó sí, mo béèrè jẹ́jẹ́ bóyá galẹ́ẹ̀tì wà. Iná pupa tàn, ó kọ ọ́ síwájú ara rẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́. Mo wá rántí pé ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí àwọn aṣebúrẹ́dì máa ń sinmi. Mo tọrọ gáfárà, mo lọ. Ó ṣì ń ṣe mí bíi pé inú rẹ̀ kò yọ́ sí mi.

Olùkọ́ wa ní kí n bi fóònù. Fóònù mú ilé búrẹ́dì kan wá nínú ìlú ńlá, pẹ̀lú ìràwọ̀ lórí rẹ̀ bíi ti ọ̀gágun. Mo rò pé ìjọba ló fún wọn, olùkọ́ ní rárá, ẹnikẹ́ni tó bá jẹun níbẹ̀ ni. Ẹnì kan kọ ọ́ pé galẹ́ẹ̀tì wọn yí ìgbésí ayé òun padà. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò fẹ́ kí ìgbésí ayé mi yí padà, galẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́. Síbẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kurasáǹtì, búrẹ́dì kékeré tí a ń jẹ láàárọ̀, ni mo kọ́kọ́ wò, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: èyí tí wọ́n fi bọ́tà ṣe máa ń nà gbọọrọ, èyí tí wọ́n fi mágárínì ṣe ló máa ń ká bí ìwo. Gbogbo wọn ló ká bí ìwo àgbò, ọmọbìnrin tó ń tajà sì ń búra pé bọ́tà ni. Mo rí i tí wọ́n ń já páálí tí yìnyín bò wọlé láti ẹ̀yìn. Mo bi í pé aago mélòó ni aṣebúrẹ́dì wọn máa ń jí, ó ní aṣebúrẹ́dì wo. Mo padà láìra nǹkan kan.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo bá Bàbá Pouget lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹ̀rọ yẹn bí ẹni ń wo ọkọ tuntun ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n ní Yvette ìyàwó àwọn ń lọ kí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n mú bọ́tà àti èso àmọ́ńdì wá sílé àwọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti búra fún un pé àwọn kò ní fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo pò ó nínú ilé ìdáná wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe. Wọ́n ní ọwọ́ mi wúwo, ìyẹ̀fun kì í ṣe aṣọ tí mò ń fọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó sinmi, mo ní èmi náà ńkọ́. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ fín ojú rẹ̀ tán, wọ́n tẹrí ba, mo rò pé àìsàn ọkàn yẹn ti dé, àṣé ojú ni wọ́n ń nù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Marcelline jẹ ẹ́, ó tún bù ú. Ó wá ní níbo ni mo ti rà á. Bí mo bá ní èmi ni mo ṣe é, yóò bi mí ẹni tó kọ́ mi, kọfí kò sì ní tutù kí ọ̀rọ̀ tó dé etí Yvette. Mo ní ẹ̀rọ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó lá ìka rẹ̀, ó ní òun ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí pé ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn fúyẹ́ ju ti Pouget lọ. Bàbá rẹ wo ìyẹ̀fun tó wà lábẹ́ èékánná mi, ó ní kí wọ́n bu sí i fún òun.

Marcelline ló sì rí ẹ̀wà, òun ni galẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ wá kàn. Láti àná ló ti dúró síwájú ẹ̀rọ, ó ń kówó sí i, búrẹ́dì ló ń já bọ́. Ó wá bi mí bọ́tìnnì tí mo tẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ kí i. Mo gbọ́ pé ó ti ń kí i.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó dùn lóòótọ́ tàbí ebi ló ń pa wọ́n. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bọ́tà, Bàbá Pouget ní mo ṣì ní ohun púpọ̀ láti kọ́. Kó jẹ́ owó onírin, nítorí Marcelline ti kó gbogbo èyí tó wà nílùú sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ, kí ẹlòmíràn má gba ìyìn rẹ.

Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni, má sì sọ ọ́ létí fóònù. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ẹnì kan tí kò mọ̀ wá rí, o lè ka ibi galẹ́ẹ̀tì nìkan fún un.

Ìyá rẹ,
Huguette