Ológbò Yín Ti Sanra

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún yín: mo ti ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù! Télọ̀ tó ní òun máa dúró dè yín ni mo fẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé yín. Ara Màmá le.

Ológbò yín tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ló fà á. Ẹ ní àárò yín ló ń sọ ọ́ tó fi gbẹ bí ọwọ̀. Irọ́ ni o, eyín rẹ̀ kan ló jẹrà! Télọ̀ bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n yọ ọ́, a wá ń fi ẹja lílọ̀ bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti sanra. Ọkọ mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: “Èmi náà rò pé àárò ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń sọ mí, àṣé ebi ni!”

Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Ẹ bá mi ra bàtà funfun bọ̀ fún àjọyọ̀ wa. Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ dé ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀.