Wúrà Tí Mò Ń Tà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ní Jẹ́dà, mò ń dá gbé ní Àsísíyà, Mẹ́kà. Orí fóònù ni mo ti ń ta tẹ́tẹ́ jẹun, lórí bóyá wúrà yóò wọ́n sí i tàbí yóò wálẹ̀. Bí mo bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá mi bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń tà. Mo ní wúrà. Ṣebí títa náà ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n bá àwọn ará wa kírun mọ́.

Lánàá, Màmá ní kí n fi yẹtí kan ránṣẹ́ nínú ọjà mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé iṣẹ́ nìyí? Kí ni kí n wí fún wọn? N ò fọwọ́ kan wúrà rí.